Ìgúnpá Ọ̀tún

Òjò ọ̀sán ló ba ọ̀nà Tákìé jẹ́.
Ọ̀kadà yọ̀, èmi náà yọ̀,
mo fi ìgúnpá ọ̀tún kí ilẹ̀
kí n tó rántí pé ó yẹ kí n pariwo.
Àpótí iṣẹ́ mi tú sójú títì:
abẹ, òòyà, àlùmọ́gàjí, ọṣẹ.
Ọmọ iléèwé kan ń bá mi ṣà wọ́n,
ó ní, "Bàbá Onígbàjámọ̀, ọwọ́ yín ń wẹ̀yìn."

Kò wẹ̀yìn. Wíwú ló wú,
ó wú bí àkàrà nínú epo gbígbóná.
Ìka kékeré àti èkejì rẹ̀ ń ṣe mí
bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú wọn.

Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Baba Àkàngbé ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n,
ẹni tó to itan Ládèjọ tó tún fi ń jó,
tó to ọrùn-ọwọ́ ìyàwó mi lọ́dún tó já bọ́ lórí igi kajú.
Mo ti di eyín mọ́ aṣọ, mo ń retí kó fà á.
Kò fà á.
Ó fi àtàǹpàkò rìn yí i ká
bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú òkùnkùn.
Ó dákẹ́. Ó ní:
"Itan, òpó ni. Mo mọ bí a ṣe ń gbé òpó ró.
Ìgúnpá, ìlẹ̀kùn ni.
Eegun mẹ́ta ló pàdé níbẹ̀,
iṣan kan bí òwú sì gba ẹ̀yìn wọn kọjá,
òun ní í ta èèyàn bí iná tó bá fi gbá ògiri.
Bí mo bá dì í bí a ti ń di òpó, yóò gan,
kò sì ní ṣí mọ́.
Mo ti ba méjì jẹ́ rí. N ò ní ba ẹ̀kẹta jẹ́.
Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀."
Kò gba kọ́bọ̀.
Gèlè ìyàwó mi ló fi so ọwọ́ náà kọ́ mi lọ́rùn.

Dókítà gbé fọ́tò sójú iná.
Eégún a máa wọ ẹ̀kú kó tó jáde;
eegun tèmi jáde níhòòhò,
ṣóńṣó ẹ̀yìn rẹ̀ ti já kúrò lára ìyókù
bí etí ife tó kán.
"Iṣan ẹ̀yìn apá ló ń fà á lọ sókè," dókítà wí.
"Bí a bá fi í sílẹ̀, wọn ò ní ríra wọn mọ́."
Wọ́n la ibẹ̀, wọ́n fi wáyà rán eegun mọ́ eegun.
Èmi tí mo ti ń fi abẹ jẹun láti ogún ọdún,
abẹ náà wá jẹ nínú mi.

Ọ̀sẹ̀ kejì ò tíì pé
tí Oyèbọ́lá, ọmọbìnrin ará Ìjẹrù tó ń kọ́ni ní ìdárayá,
fi ní kí n máa ká a, kí n máa nà á.
"Ẹ má fipá ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín wọ́ ọ.
Díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ kí ẹ tó sùn."
Mo ká a, omijé bọ́. Mo nà á, omijé bọ́.
Ìyàwó mi ń fi ṣíbí fún mi lógì,
ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta
tó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ.

N ò mọ̀ rí
pé ìgúnpá ló ń gbé oúnjẹ dé ẹnu.
Ọwọ́ ló ń gba ọpẹ́,
ẹnu ló ń sọ pé ó dùn,
ẹni tó wà láàárín ò ní oríkì.

Oṣù kẹrin rèé. Kò tíì nà tán,
ó ku bí ìbú ìka méjì.
Oyèbọ́lá ní ó ṣeé ṣe kó má nà tán mọ́.
Ṣùgbọ́n lánàá mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan etí ara mi,
mo sì ránṣẹ́ sí Baba Àkàngbé
pé kí wọ́n gbé orí wọn wá.
Wọ́n jókòó. Mo pọn abẹ.
"Ṣé ọwọ́ yẹn dá ọ lójú?"
"Kò dá mi lójú," mo ní. "Ẹ má mira."