Ìyẹ́ Ẹyẹ Òkun

Nílé ìwé wa ní María Elena, láàárín aṣálẹ̀ Ṣílè,
níbi tí òjò ti jẹ́ ìtàn tí àgbà ń pa,
Olùkọ́ Eduvigis ti ilẹ̀kùn yàrá kẹ́míkà,
ó ní, "Ẹ má mí sókè. Ẹ má fa àga."

Bébà mẹ́ta ló ti tẹ́ sórí tábìlì láti àárọ̀,
ohun dúdú kan wà lórí wọn, bí èyí tí a ha nídìí ìkòkò,
kò tó èékánná ọmọ ọwọ́.
Nígbà tó tutù, ọmọlúàbí ni.
Ó gbẹ tán, kò gba ìkíni mọ́.

"Áyódíìnì wà nínú rẹ̀," ó ní, "ará ilé yín,
tí bàbá yín ń wà nílẹ̀, tí ìyá yín fi ń pa ojú egbò.
A fi tipátipá so ó mọ́ ẹni tí kò bá a mu;
àwáwí ló ń wá láti jáde."

Ó di ìyẹ́ ẹyẹ òkun mọ́ orí ọ̀pá gígùn,
ìyẹ́ tí Yanara mú bọ̀ láti Tocopilla.
Ó na ọ̀pá náà, díẹ̀, díẹ̀.
Ìyẹ́ kò tí ì dé ibẹ̀.
Ilẹ̀ ló mì.

Ìmìtìtì kékeré, irú èyí tí a kì í torí rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀;
gíláàsì fèrèsé kàn sọ wúyẹ́wúyẹ́ ni.
Gbà! Gbà!
Ẹ̀kẹta dúró, ó rò ó wò,
gbàù!
Èéfín elésè àlùkò gun òkè àjà.

A hó yèè. Olùkọ́ dúró, ọ̀pá lọ́wọ́,
bí apẹja tí ẹja fò wọnú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó ju ìwọ̀.
Àbàwọ́n náà wà lára àjà títí mo fi jáde ilé ìwé.

Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín.
Mo ń ro bàbá mi, Hilarión,
tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìwakùsà,
tó jókòó sídìí tábìlì tiwa, tó gbẹ síbẹ̀.
A ń ti ilẹ̀kùn bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn.
Màmá ń gbé abọ́ kalẹ̀, kò ní dún.
Gbogbo wa ń ṣọ́ ọwọ́, à ń ṣọ́ ẹnu,
a ò ronú kan ilẹ̀ rárá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo bu omi sínú ife,
mo gbé e fún un,
mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.
Ó mu ún tán kó tó sọ̀rọ̀.
"Ṣé ilẹ̀ mì nílé ìwé yín?"
Mo ní, "Ó mì, Bàbá."