Àlejò inú Àpótí Bàtà

Ọyẹ́ mú bí abẹ ní Bùkúrù lálẹ́ ọjọ́ náà
tí Nanret gbé ọ wá sínú àpótí bàtà:
"Ìyá Dérìn, ẹ gbà á. Wọ́n ti pa ìyá ẹ̀ jẹ."

Ẹmọ́ òyìnbó, ẹ̀kúnwọ́ òwú kan péré.
Tirun tirun ni wọ́n bí ọ, ojú rẹ là wáyé,
síbẹ̀ o kọ̀, o ò wo ojú mi.

Mo gbé ọ sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun.
O ò tó ife kan.
Mo fi ìró mi tó nípọn jù bo àgò rẹ,
mo tẹ́ koríko gbígbẹ síbẹ̀,
mo rẹ́ tàtàṣé wẹ́wẹ́, torí dókítà ẹran ní Vom
ní àìjẹ ohun tútù á mú eegun rẹ ro ọ́.

Bàbá Ládì yọjú lórí ògiri:
"Màmá, ìgbà wo lọbẹ̀?"
Mo ní àlejò kì í wọ ìkòkò.

Ọjọ́ mẹ́ta. Mo pa rédíò.
Èmi tí mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń yọ́ rìn nítorí ẹni tó sùn,
mò ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tú ọ̀rá kárọ́ọ̀tì,
ó dún pẹẹrẹ,
ni mo bá gbọ́ ọ lábẹ́ ìró: wíìì! wíìì!

Mo dúró, ọ̀rá lọ́wọ́.
Láti ìgbà tí Dérìn ti lọ sí Kánádà,
kò sẹ́ni tó fi ebi pè mí nílé yìí.

Ó dáa, ó dáa, mo ti gbọ́.
Jẹ́ n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.