Orúkọ Tó Pẹ́ Kó Tó Délé

Ní Ìjerò, níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀jọ̀gbọ́n
bí ẹní ń ka ebè,
èmi kò lè ka "Ẹ kú àbọ̀" lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Ábídí ló kọ́kọ́ dá mi dúró.
B gbé ikùn síwájú, D gbé tirẹ̀ sẹ́yìn;
kí n ṣẹ́jú báyìí, wọ́n ti pààrọ̀ oyún.
Nílé wa, uwé là ń pè é.
Lórí pátákó, ìwé ni.
Mo bi tíṣà pé ta ló jí u wa gbé.
Pàṣán mẹ́fà.

Láti kíláàsì kejì ni mo ti ń jẹ́ Olódo.
Òdo: ohun róbótó tí kò ní nǹkan nínú.
Àwọn àbúrò mi ń fi í pè mí wá jẹun.
Ìyá mi pàápàá, láìbínú rárá:
"Olódo mi, wá bá mi gbé korobá."
Mo ń dáhùn.
Kí lèèyàn tún ń ṣe sí orúkọ ju kó dáhùn lọ?

Mo di káfíńtà. Àtàǹpàkò ni mo fi ń ka téèpù,
pákó kì í purọ́ fún ọwọ́.
Bí oníbàárà bá kọ iye síwèé fún mi,
mo máa ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé.
Ogún ọdún ni mo fi ń gbàgbé awò tí n kò ní.

Lánàá, tíṣà Abọ́sẹ̀dé ọmọ mi ránṣẹ́ pè mí.
Mo ti ń bẹ̀bẹ̀ kí n tó jókòó.
Ó ní, "Ọmọ yín ò yọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé.
Disilẹ́síà ni."
Mo ní kó tún un pè.
Ó dún bí orúkọ òògùn ikọ́.
Ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi,
mo ní awò mi wà nílé.
Ó wò mí.
Ó rọra ki bíírò rẹ̀ bọ àpò.

Lálẹ́, ìyá mi bèèrè ohun tí wọ́n wí.
Mo ní ojú ọmọ rí ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ni kò dúró kí i.
Ó dákẹ́ títí iṣu fi jóná lórí iná.
"Ṣé nǹkan yẹn náà ló ṣe ìwọ?"

Láàárọ̀ yìí, korobá wà lẹ́bàá ògiri.
Ẹnìkan ń pe Ìlésanmí, Ìlésanmí,
ó sì pẹ́ díẹ̀
kí n tó mọ̀ pé èmi ni.