Àmì Àtàǹpàkò

Páálí náà dé lọ́jọ́ Sátidé, òjò ń pa Ṣẹ́fíìlì,
ó wúwo bí ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ọmú yó.
Tamsin gbé e ka orí tábìlì ìdáná:
"Bàbá àgbà, ẹ wá wo dírágónì mi."

Bàbá Staniforth gbé awò ojú sórí imú.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi da irin gbígbóná
nílé-iṣẹ́ kan létí odò Don,
níbi tí wọ́n ti ń ta bàtà báyìí.
Kò sí ohun tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dì
tí kò ní fi ìka kàn, kó gbọ́ bó ṣe ń dún.
Ó kan àyà dírágónì. Tọ̀.
"Oje lásán," ó ní. "Kò lóhùn."

Ẹyọ mẹ́tàlélógún nínú ọ̀rá,
àwọ̀ eérú, òórùn bí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ.
Ìrù tí wọ́n gé sí mẹ́ta bí ẹja yíyan,
ìyẹ́ apá méjì tó gùn ju apá ọmọ náà lọ,
àti jagunjagun kan, kò ju èékánná lọ,
òun ni yóò gun ẹranko ńlá yìí lẹ́yìn.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn bí adájọ́ tí ebi ń pa.
Wò ó, mọ́ọ̀dì yẹ̀ níbí, ìlà gba àárín ojú kọjá.
Wò ó, afẹ́fẹ́ há sí ìka ẹsẹ̀, ihò ló fi sílẹ̀.
Etí ọrùn ní àṣẹ́kù oje, fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin.
"Ká ní èmi ni mo da irú èyí láyé ìgbà tèmi,
ọ̀gá ì bá sọ ọ́ padà sínú iná,
kó sì sọ èmi náà tẹ̀ lé e."

Ìyẹ́ apá òsì wọ́.
Ó wọ́ bí ewé tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.
Tamsin fẹ́ fagbára tẹ̀ ẹ́, bàbá gbá a lọ́wọ́.
Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwa la máa ń wí bẹ́ẹ̀;
òun ní tirẹ̀, kẹ́tùlù ló nàka sí.
Omi hó. Wọ́n ri ìyẹ́ náà sínú rẹ̀, wọ́n ka ọgọ́ta.
Líle di rírọ̀, rírọ̀ gbàmọ̀ràn,
omi tútù sì di ìmọ̀ràn náà mú.

Lẹ́yìn náà, wọ́n lu ihò sí èjìká, wọ́n ki wáyà idẹ bọ̀ ọ́.
"Gúlù nìkan kì í gbẹ́rù," ó ní.
"Ohun tó bá wúwo, fún un légungun."

Ìgbà tó yí àyà dírágónì padà láti fá inú rẹ̀ ló rí i:
àmì àtàǹpàkò kan.
Ìlà yípo, yípo, bí omi tí òkúta bọ́ sí,
àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á kọjá.
Ẹnìkan kò dúró kí oje dì tán.
Bóyá ó ń kánjú.
Bóyá ó ku díẹ̀ kí iṣẹ́ tú.
Tamsin ti po àtè aláwọ̀ ewé: "Ẹ jẹ́ kí n dí i."

Bàbá kò dáhùn.
Ó wo àtàǹpàkò tirẹ̀,
tí irin ti fá gbogbo ìlà rẹ̀ lọ,
tó ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.
Ó gbé e lé ojú àmì náà. Kò bá a mu;
ọwọ́ tí ó kéré ni, ọwọ́ obìnrin, àbí ti ọ̀dọ́mọkùnrin.
"Ihò ìta ni kó o dí," ó ní. "Fi èyí sílẹ̀."
Wọ́n pa ìlàjì méjèèjì dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, dáìsì mẹ́ta ló pa dírágónì,
kí ó tó rìn ju ìbú ọwọ́ kan lọ.
Tamsin rẹ́rìn-ín títí dé ilé.
Bàbá tún kan àyà rẹ̀ lórí pẹpẹ fèrèsé.
Tọ̀, bíi ti àkọ́kọ́.
Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò tètè gbé etí kúrò.