Ìkòkò Bàbà

Aago márùn-ún àárọ̀ lórí òkè Jura,
òjò dídì ti bo ọ̀nà, ó ti bo odi,
èmi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé wàrà pẹ̀lú ìwé ńlá,
mò ń ka garawa bí wọ́n ṣe ń wọlé.
Vuillemin gbé ọgọ́rin lítà, ó ń mí bí akọ màlúù.
Àwọn ọmọ Jacquet ń fi pákó wọ́ tiwọn bọ̀,
wọ́n ń jà lọ́nà, wọn ò dà á nù.
Odile opó ni mo máa ń kọ kẹ́yìn:
màlúù kan, ẹsẹ̀ kan tó ń tiro, lítà mẹ́fà.
Tàdáwà tí mo fi kọ ti Vuillemin
náà ni mo fi ń kọ tirẹ̀.

Ẹ má bi mí pé kí ni à ń pè ní àjọṣe.
N ò mọ̀ ọ́n sọ.
Mo mọ̀ pé wàràkàṣì kan, tó wúwo bí ọmọ ọdún méjìlá,
irinwó lítà ló ń mu kó tó di odindi,
kò sì sí agbo ẹran kan lábúlé yìí
tó lè dá irinwó fún un.
Wàrà tó bá dá jókòó, kíkan ní ń kan.

Ọdún tí Hippolyte bu omi odò sí tirẹ̀
(ife méjì péré, ó fi ìyá rẹ̀ búra),
wàràkàṣì mẹ́sàn-án wú lábẹ́ ilẹ̀ bí ikùn aláìsàn,
wọ́n sán.
Orúkọ Hippolyte ò sí lára wọn,
orúkọ abúlé ló wà níbẹ̀.
Oníṣòwò láti Lyon fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka, ó bá tirẹ̀ lọ.
Lọ́dún náà, bàtà ò kárí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa.

Wọ́n ní ká lé e.
Anselme apowàrà, tí kì í bá wa dá sọ́rọ̀,
na apá rẹ̀ tí ooru ti bó:
"Àádọ́ta lítà ni yóò bá a lọ.
Ta ni yóò dí i?"
Gbogbo ilé wo ìwé ọwọ́ mi.
Hippolyte fọ ìkòkò bàbà lálaalẹ́ fún ọdún kan gbáko.
Ó fọ ọdún kejì. Kò sẹ́ni tó bi í.

Láàárọ̀ yìí mo ṣírò lẹ́ẹ̀mejì: irinwó dín mẹ́fà.
Vuillemin ní ká dáná, ilẹ̀ ti ń mọ́.
Anselme ò dá a lóhùn. Ojú rẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà,
níbi tí fìtílà kékeré kan
ti ń tiro bọ̀ nínú yìnyín.