Òdo

Èmi ni mò ń tẹ ìwé ìṣúná náà,
ní ọ́fíìsì wa ní Tanke, lábẹ́ fáànù tó ń ké
bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Mo tẹ ọ̀dà géètì: mílíọ̀nù méjì àbọ̀.
Mo tẹ àga àlejò. Mo tẹ epo jẹnẹrétọ̀.
Mo dé ìlà kẹtàdínlógún:
ìwádìí Dókítà Módínátù lórí àrùn àìbalẹ̀-ọkàn,
igba èèyàn, láti Òkélélé dé Ajàsẹ́-Ìpo, ọdún mẹ́ta.
Wọ́n ní kí n tẹ òdo síbẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ta ni ẹ̀rù kì í bà?"
Akápò ní kí wọ́n lọ máa fa tẹ̀sùbáà.
Mò ń fà á, Akápò.
Mo mọ hóró kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Lọ́jọ́ Àlàrùba, lórí afárá odò Asà,
mo wà lẹ́yìn ọ̀kadà, kò sẹ́ni tó ń lé mi,
ni odó kan bá bọ́ sí àyà mi.
Ọmọ odó méjì, mẹ́ta. Wọn ò gúnyán, wọn ò gún èlùbọ́,
èmi ni wọ́n ń gún.
Ọwọ́ mi kú. Afẹ́fẹ́ tán láyé.
Mo di irin afárá mú,
mò ń ka kálímọ́ ṣàhádà sétí ara mi.
Ọlọ́kadà ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó mi ńkọ́?"

Wọ́n ya fọ́tò àyà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀,
wọ́n so wáyà mọ́ mi bíi rédíò tó bàjẹ́.
Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì náírà, kí wọ́n tó ní,
"Kò sóhun tó ṣe ọ́."
Òdo nìyẹn náà.

Ìyá mi ní Ìgbájà rò pé ayé ni.
Ìyàwó mi rò pé obìnrin ni.
Módínátù nìkan ló bi mí pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀,
ta ló tún ń ṣe nílé yín,
ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.
Ó ní, "N ò tíì mọ ìdí rẹ̀.
Ìyẹn ni mo ṣe ń tọrọ owó."

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹni kọkànlélógójì nínú igba yẹn,
èmi tí mò ń po tíì fún yín ni.

Ìka mi wà lórí òdo báyìí.
Ó rí roboto, bí ẹnu ẹni tó ń wá èémí.
Òdo kì í ṣe nǹkan, mo gbà;
ẹ fi ọ̀kan síwájú rẹ̀ ná, kí ẹ wò ó.
N ò tíì tẹ̀ ẹ́.
Yàrá dákẹ́. Fáànù ń ké.
Nínú àyà mi, wọ́n ti gbé odó kalẹ̀,
wọ́n ń wá ọmọ odó.