Táìlì Kan

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni tèmi.
Èrò kankan kì í wọ kẹ̀kẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ náà
àfi Devayani nọ́ọ̀sì, àpò rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀,
agboòrùn rẹ̀ tó ti ya létí.
A ó gba etí odò lọ sí Feroke,
níbi tí ọ̀pá èéfín ilé-iṣẹ́ táìlì ṣì dúró
tí kò rú èéfín mọ́.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ibùdókọ̀ ń bi mí: Beeran, èló ni wọ́n ń san?
Mo ní, tíì ni. Nígbà mìíràn, ó máa ń ní ṣúgà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, inú rere kún inú mi fọ́fọ́.
Mo bu omi, mo gbé e sí bàbá lẹ́nu níbi tó dùbúlẹ̀ sí.
Omi pá a lórí. Ojú rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ le gan-an.
Devayani gbé e jókòó, ó ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́.
Kò wí nǹkan kan fún mi títí a fi dé ìdí kẹ̀kẹ́.
"Beeran, àánú rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.
Lọ kọ́ iṣẹ́ náà."

Mo kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún:
bí a ṣe ń yí ènìyàn padà láìfà á láwọ,
bí a ṣe ń wo gìgísẹ̀ kí egbò tó yọjú,
bí a ṣe ń fi òwú tútù nu ètè,
bí a ṣe ń jókòó láìsọ̀rọ̀. Èyí ló le jù.
Oníkẹ̀kẹ́ ni mí, ẹnu mi kì í sinmi.

Ìwé kan wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé.
Láti òdo dé ẹ̀wá, mélòó ni ìrora yín lónìí?
Chathukutty rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún
ló fi ru táìlì jáde lẹ́nu ìléru.
"Ẹ fi táìlì bi mí."
A wá ń fi táìlì bi í.
Mẹ́jọ lórí àyà lọ́jọ́ kan: Devayani pe dókítà
kó tó bọ́ ìbọ̀wọ́, wọ́n fi kún mọ́fíìnì.
Mẹ́jọ di márùn-ún. Márùn-ún di méjì.
Anagha, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri.

Òjò Okúdù dé.
"Táìlì kan," ni bàbá wí.
A kọ ọ́: ọ̀kan. Inú wa dùn.
Ọ̀sẹ̀ kejì, táìlì kan. A tún kọ ọ̀kan.
Ìwé ń sọ pé ara tù ú,
ojú rẹ̀ ti wọnú, oorun kì í kùn ún.
Mo jókòó. Mo pa ẹnu mi mọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
Mo sì gbọ́ ọ:
tó.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Tó.
Lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì, níbi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀.
Ìka ọwọ́ rẹ̀ nà sókè, ó ń gbọ̀n.
Orí òrùlé ni táìlì náà wà.

Kunhipathu, aládùúgbò wọn, di àkàbà mú,
ó ń gbàdúrà, ó ń bú mi.
Láti orí ibùsùn ni bàbá ti ń pàṣẹ,
ohùn tí a kò gbọ́ láti bí oṣù méjì:
"Òsì! Mo ní òsì, ìwọ oníkẹ̀kẹ́!
Ti ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ gbé!"

Anagha ní ó sùn mọ́jú.
Kò sí àyè fún un nínú ìwé.
Devayani yí ìwé dà, ó kọ ọ́ sẹ́yìn:
A ti pààrọ̀ táìlì kan.
Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó kú,
òjò ń rọ̀ gidi, ibùsùn rẹ̀ gbẹ.

Ní báyìí, ilé tí mo bá wọ̀,
òrùlé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.
Àwọn onílé rò pé mo ń díye lé e ni.